Ìlà Funfun Tó Wà Lẹ́yìn Bàálù

Oṣù méjì lẹ́yìn tí ìjọba ti ẹnubodè pa, bàálù kan kọjá lókè réré ní Ìhunbọ̀, ìlú tó wà létí ẹnubodè. Ó fa ìlà funfun sẹ́yìn. Ìlà náà kò parẹ́. Ó fẹ̀ títí ó fi di àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Bàrúwà àgbẹ̀ sáré dé ọ̀dọ̀ Sàlímọ́tù, obìnrin tó ń ta omi tútù.

"Ìyá Mùínátù, ẹ da omi òjò yín nù! Májèlé ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń fọ́n. Wọ́n ti ẹnubodè pa nílẹ̀, wọn ò rí wa mú, wọ́n wá gba òkè. Mo ti da tèmi nù."

Sàlímọ́tù wo dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ méjèèjì. Bó bá dà á nù, odò ló kù. Omi odò ló gbé Mùínátù ọmọ rẹ̀ dé ọsibítù lọ́dún tó kọjá. Ó ṣu, ó bì, díẹ̀ ló kù kó kú.

Síbẹ̀, ó di etí dúrọ́ọ̀mù mú láti dà á nù.

"Màmá, ẹ dúró ná." Tíṣà Dinah ni, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Omi ló wá rà. Ó yọ ìgò kan nínú kúlà, ó gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́, ìgò náà làágùn.

"Ta ló da omi sí i lára?" Tíṣà béèrè.

"Kò sẹ́nì kan," Sàlímọ́tù dáhùn. "Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni lókè. Ẹ́ńjìnnì bàálù ń jó epo tó jọ kẹrosíìnì. Ó ń tú oru omi jáde, àti eruku dúdú bíi ti ìdí ìkòkò. Òtútù ibẹ̀ ju ti fíríìjì lọ. Omi á lẹ̀ mọ́ eruku yẹn, á di yìnyín kéékèèké. Òun lẹ rí ní funfun. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbẹ, á parẹ́ kíá. Bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, á fẹ̀ di àwọsánmà."

"Kò wá ní ewu kankan?" Bàrúwà béèrè.

"Ó ní. Irú àwọsánmà yẹn lè há ooru mọ́ ayé. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí rẹ̀. Kì í ṣe májèlé."

"Kọ́sítọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Ìrẹsì ni wọ́n ń wá, Bàbá. Ṣé ìrẹsì ń fò ni?"

Sàlímọ́tù rẹ́rìn-ín. Ó fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàrúwà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi díẹ̀ fún mi."

"Májèlé ńkọ́?"

"Ẹ bu májèlé náà."

Ẹ̀yin ará, yìnyín ni ìlà funfun ẹ̀yìn bàálù. Ẹ má tìtorí rẹ̀ da omi òjò nù. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé ná kí ẹ tó gbe omi. Ẹ bò ó, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Odò kò jìnnà. Àìsàn inú rẹ̀ náà kò jìnnà.