Pẹpẹ Bàbá Mi Lójú Títì

Nígbà náà, bàbá mi ṣì ń bẹ láyé. Ìyá mi náà wà, ara rẹ̀ le koko. Lien ọ̀rẹ́ mi, tí bọ́ǹbù pa lẹ́yìn náà, ṣì ń jókòó tì mí lábẹ́ igi lẹ́bàá odò ní ìlú Hue, àwa méjèèjì ń rán akẹtẹ̀ ewé tà. Gbogbo wọn ló wà láyé lọ́jọ́ tí Hoanh kọ́kọ́ dúró níwájú mi.

Kápútéènì sójà ni. Ó gbé akẹtẹ̀ kan, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Àbúrò, ṣé òjò ò ní wọ inú èyí?"

"Bó bá wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ yìnbọn fún òjò."

Lien bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ní ìyá òun lòun fẹ́ rà á fún. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dé, ìyá òun fẹ́ òmíràn. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, mo bi í pé, "Orí mélòó ni ìyá yín ní?"

"Ìyá mi ti kú tipẹ́," ló wí. "Ìwọ ni mo ń wá wò, Diep, ayọ̀ mi."

Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára lọ́jọ́ náà. Mi ò ní purọ́.

Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá mi kọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ tan tùràrí níwájú pẹpẹ àwọn òkú ilé ìyàwó, kó sì foríbalẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìgbéyàwó. Ìyá mi dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Sójà ló pa àbúrò mi. O ò ní wọ ilé mi. O ò ní tan tùràrí kankan nínú ilé yìí!"

Bàbá mi kú lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó lè bá wa bẹ ìyá mi mọ́. Hoanh ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́ ní tiẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di kọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gágun, ìràwọ̀ ń dán léjìká rẹ̀. Mo di ẹni ọgbọ̀n ọdún, mo ṣì ń dúró dè é. Ìyá mi ò yí ohùn padà.

Ọdún yẹn ni ìjọba tó wà ní Saigon, olú ìlú wa, àti àwọn àlùfáà Búdà wa kọlu ara wọn. Wọ́n ní sójà ìjọba ń bọ̀ wá gba ìlú. A ò níbọn. Ni oníkálukú bá gbé pẹpẹ ilé rẹ̀ síta, a tò wọ́n sójú títì, torí ta ni nínú wa tó máa wa ọkọ̀ gun orí òkú àwọn baba? Ìyá mi gbé ti bàbá mi, tòun ti fọ́tò, tòun ti ìkòkò tùràrí, ó jókòó tì í.

Ọkọ̀ ogun dé láàárọ̀. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú èyí tó ṣáájú, Hoanh ni. Ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ rán an ni, kí wọ́n lè mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà. Bó bá gba orí pẹpẹ kọjá, mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Bó bá kọ̀, wọ́n á gba ipò rẹ̀, bóyá ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá mi ò dìde. "Ọ̀gágun, o kú iṣẹ́. Bàbá Diep rèé, ẹni tó fẹ́ fún ọ lọ́mọ. Gùn ún kọjá."

Hoanh wo fọ́tò náà títí. Ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, ó tan tùràrí mẹ́ta.

"Màmá, ẹ ní mi ò gbọdọ̀ ṣe é nínú ilé. Ìta rèé."

Ó foríbalẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Diep."

Ìyá mi kọjú sí mi: "Kí lo dúró ń wò? Lọ foríbalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ, dìndìnrìn!"

Ìgbéyàwó mi nìyẹn.

Hoanh dá àwọn ọkọ̀ náà padà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti dè é lọ sí Saigon. Lọ́jọ́ kẹta ọ̀gá mìíràn dé, ó fi ọkọ̀ gun gbogbo pẹpẹ náà mọ́lẹ̀. Ìyá mi ṣa àfọ́kù tiwa nílẹ̀, ó fi wáyà dì í pọ̀.

Ọdún méjì ni Hoanh lò lẹ́wọ̀n. Wọ́n já ìràwọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Ó padà wá, ó ń bá mi fi áyọ́ọ̀nù lọ ewé akẹtẹ̀. Mo ń pè é ní ọ̀gágun ewé. A bí ọmọbìnrin kan. Inú wa dùn fún ọdún méje.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Àríwá, tí ìjọba Saigon ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́, borí ogun. Wọ́n ní kí gbogbo ọ̀gá sójà àtijọ́ gbé oúnjẹ oṣù kan dání, wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí àgọ́ láti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

"Má sunkún," ni Hoanh wí. "Oṣù kan péré."

Ọdún mẹ́fà ni oṣù yẹn.

Lọ́jọ́ tó dé, mo kọjá lára rẹ̀ ní ìdíkọ̀, mi ò dá a mọ̀. Ó ti gbẹ bí igi ìdáná.

"Àbúrò," ó pè mí lẹ́yìn, "ṣé òjò ò ní wọ inú akẹtẹ̀ yẹn?"

Ogójì ọjọ́ ló lò nílé, ó ń wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú, òjò ń rọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ìyá mi gbé fọ́tò rẹ̀ sórí pẹpẹ oníwáyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi. Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í foríbalẹ̀ fún òkú ọmọ. Mo nawọ́ kí n gba tùràrí lọ́wọ́ ìyá mi. Ó tì mí sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó sì foríbalẹ̀ fún Hoanh nínú ilé tó ní kò ní wọ̀.