Aṣọ Tó Tóbi Ju Màmá Lọ

Orí àpótí onígi ni ọmọbìnrin náà dúró sí nígbà tí télọ̀ kọ́kọ́ rí i. Ó ń to ọsàn sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà ní òdìkejì òpópónà, ó sì fi eyín di kárọ́ọ̀tì kan mú. Nígbà tó to ọsàn tán, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì run kárọ́ọ̀tì náà wómúwómú láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń gé aṣọ kì í wo ìta. Télọ̀ wo ìta. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ yà kúrò lójú ìlà, apá ẹ̀wù oníbàárà kan sì kúrú ju èkejì lọ. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ì bá bú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀rín ló ń rín.

Ó pẹ́ kó tó rí àwáwí tó máa gbé e débẹ̀, nítorí ó máa ń tijú. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló wá bá a wá a. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mú ṣòkòtò rẹ̀ wá, ó ní kó bá òun dín ìbàdí rẹ̀ kù. Ẹni tó ń pín lẹ́tà náà mú tirẹ̀ wá. Télọ̀ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, àwọn méjèèjì sì na ìka sí ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Ó gbé okùn ìwọ̀n rẹ̀ kọ́rùn, ó sọdá.

"Àǹtí, ẹjọ́ yín ni mo wá rò."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ta ni mo ṣẹ̀?"

"Èmi ni. Gbogbo ṣòkòtò tí mo rán ni ẹ ti bà jẹ́. Wọ́n ti ń já bọ́ nídìí àwọn tó ni wọ́n!"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àpótí mú. "Ẹ má bínú. Kí lẹ̀yin fúnra yín jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kéèkì."

"Lánàá ńkọ́?"

"Kéèkì. Màmá mi ló ń ṣe é. Ilé wa ò mọ oúnjẹ àárọ̀ mìíràn."

Kò bá a wí. Ó kàn kó ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kó wá sọ bó ṣe rí lọ́la. Ọ̀rọ̀ di ọ̀la, ọ̀la di ọjọ́ gbogbo. Ní ọ̀sán, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á jọ jẹ ẹ̀wà tó fi tòmátì sè, tàbí ẹyin àti ẹ̀fọ́. Kò sí ohun àjèjì kankan nínú oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó wà nítòsí ló ń jẹ, kì í sì í fi iyọ̀ àti òróró pa adùn rẹ̀. Télọ̀ rí i pé òun kì í tòògbé nídìí ẹ̀rọ mọ́ lọ́sàn-án. Ó tún rí i pé òun ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un.

"Mo ti mọ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ta ló ń ra kárọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́?"

Ó wá ku kí Màmá rí i. Ìyá télọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń yan kéèkì nísàlẹ̀ ilé wọn, òun ló sì fi tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Lọ́jọ́ tí télọ̀ mú ọmọbìnrin náà wálé, Màmá gé èyí tó nípọn jù fún un, ó da ṣúgà funfun sórí rẹ̀, ó sì dúró tì í.

"Báwo ló ṣe rí, ọmọ mi?"

"Màmá, ó dùn o. Ṣúgà rẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá ń bá oúnjẹ mi jà kò lè bá mi gbé. Lójú mi, kò ní di ìyàwó ilé yìí."

Télọ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, Màmá ò gbà. Ọmọbìnrin náà sì ní òun ò ní wọ ilé tí ìyá ọkọ ò ti rẹ́rìn-ín sí òun. Oṣù ń gorí oṣù.

"Ṣe sùúrù, olólùfẹ́ mi," ni ọmọbìnrin náà máa ń wí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín náà bí télọ̀ nínú. "Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò dùn ọ́! Kí lo ń fi pamọ́ fún mi?"

Omi lé sójú ọmọbìnrin náà. "Ohun kan wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi, n kò lè sọ ọ́."

Télọ̀ bínú lọ sílé, kò sì sọdá mọ́. Ó padà sídìí kéèkì àárọ̀. Nígbà tó bù ú sẹ́nu, ó rí i pé ṣúgà rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́.

Ọjọ́ ìbí Màmá súnmọ́ etílé. Télọ̀ rán aṣọ aláwọ̀ ewé fún un. Gbogbo ènìyàn ló máa ń wọ̀n kó tó gé aṣọ wọn, àfi ìyá rẹ̀. Àyà rẹ̀, ìbàdí rẹ̀, gígùn rẹ̀, ó mọ̀ wọ́n sórí láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ó gé e láìwọ̀n, ó rán an pẹ̀lú ìfẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá jáde láti yàrá. Èjìká aṣọ ti yọ̀ dé apá, ìbàdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó ohun tí ẹni méjì lè wọ̀. Télọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màmá, mo ti gbàgbé iṣẹ́ mi!"

"O ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo fọn, ẹ̀wù ńlá ni mo sì fi ń bò ó mọ́lẹ̀." Màmá jókòó. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Ọ̀sẹ̀ tí mo lé ọmọ yẹn ni dókítà sọ pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n yí oúnjẹ mi padà. Ojú tì mí. Mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ìwọ. Òun ló ń ṣa ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ fún mi, òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa sè é. Mò ń lo oògùn mi, mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Mo ti ń gun àtẹ̀gùn láìsinmi."

"Kò sì bẹ̀ yín nítorí wa?"

"Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mò ń retí pé kó sọ ọ́, kí n lè rí ìdí láti gbà. Ìgbéraga ló dí mi lẹ́nu."

Télọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Màmá fa ẹ̀wù rẹ̀ padà. "Dúró! Èmi ni mo lé e, èmi ni n óò pè é."

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe fi ọwọ́ kan di ìbàdí aṣọ mú, tó sọdá òpópónà lójú gbogbo ayé. Ẹnu iwájú ló gbà lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí ni kí n wọ̀n fún yín?"

"Má wọn nǹkan kan. Ẹni tó ń tajà gan-an ni mo wá gbà. Ọmọ mi, dárí jì mí, kí o wá jẹ́ ìyàwó wa."

Ọmọbìnrin náà fi ojú pamọ́ sí èjìká aṣọ ńlá náà, ó sunkún. Télọ̀ dúró lẹ́yìn wọn, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

"Dárí ji èmi náà," ló wí.

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n wo bí ojú rẹ ṣe rí! Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kéèkì," ni télọ̀ dáhùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bú sẹ́rìn-ín.

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló rán gbogbo aṣọ ìgbéyàwó wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọn Màmá lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ló yan kéèkì, ó rin kárọ́ọ̀tì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ìka ló sì fi bu ṣúgà. Ó gé èyí àkọ́kọ́, ó sì gbé e síwájú ìyàwó.

"Báwo ló ṣe rí? Sọ òótọ́ o."

Ìyàwó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Màmá, ó dùn o. Ṣúgà rẹ̀ ló kéré díẹ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọmọ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Lẹ́yìn náà, ó fa ìyàwó mọ́ra, ó sì fi àtàǹpàkò nu kéèkì kúrò létè rẹ̀.

"Ẹnu yìí," ló wí, "ẹnu tí kì í purọ́ fún mi yìí, òun ni n óò máa bá jẹun títí dọjọ́ alẹ́ mi."