Ohùn Màmá Adédoyin

Ìdí agbada gàrí ni Monílọ́lá ti kọ́kọ́ rí Pamílẹ́rìn, inú sì bí i débi pé kò ráyè rí i pé ọkùnrin náà rẹwà. Ó dúró láàrin àgbàlá wọn ní Omifúnfun, ó gbé jìtá kọ́rùn, ẹrẹ̀ ti bo bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọge kan tí wọ́n gbé wá láti Èkó jókòó ti agbada, ó ń ro gàrí bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, ó sì ń la ẹnu tẹ̀ lé orin tó ń jáde nínú ẹ̀rọ, àwọn oníkámẹ́rà tó wá ya fídíò orin náà sì yí i ká.

"Oko mi jóná o, ẹnu mi ò jóná."

Monílọ́lá dá ohùn yẹn mọ̀.

"Ta ló ń kọrin yẹn?" ló bi oníjìtá.

"Obìnrin kan láyé ijọ́un ni. Ẹgbẹ́ Ọ̀dà, ẹgbẹ́ bàbá mi, ló gbé e jáde."

"Obìnrin kan? Ṣé kò lórúkọ ni?"

Pamílẹ́rìn fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Màmá mi àgbà ni," ni Monílọ́lá wí. "Inú yàrá yẹn ni wọ́n wà. Ẹ wá kó ẹlòmíì wá la ẹnu sí ohùn wọn ní ojúde ara wọn."

Ẹ bá mi wo ìwọ̀sí. Akíntọ́lá, bàbá Pamílẹ́rìn, ló dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dà sílẹ̀ ní Orè, ó fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó wà nílẹ̀ ní Agbábù, sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń fi jìtá ta, blúùsì, orin ẹ̀dùn ọkàn, ló sì wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í lórí rédíò, á ní inú àwo orin Amẹ́ríkà lòun ti kọ́ blúùsì. Irọ́ ni. Lọ́dún tí iná jó oko kòkó Màmá Adédoyin, màmá àgbà Monílọ́lá, Akíntọ́lá gbé ẹ̀rọ wá, ó ní kí màmá kọ orin ọ̀fọ̀ tí wọ́n fi ń roko. Ó fún wọn ní bísíkíìtì agolo kan, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé orin yẹn wá sí màmá létí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Pamílẹ́rìn nìkan ló gun ọ̀kadà padà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá, ó sì gbé fóònù sí wọn létí. Màmá gbọ́ ọ dé òpin.

"Ohùn mi dùn nígbà yẹn," ni wọ́n wí, omi sì bọ́ lójú wọn.

Ibẹ̀ ni ọkàn Monílọ́lá ti rọ̀ sí i. Sátidé di àṣà. Ó kọ́ oníjìtá ní gàrí yíyan, ọwọ́ rẹ̀ bó.

"Pẹ̀lẹ́, ọkùnrin tí ń fi okùn jìtá jẹun," ló wí.

"Olólùfẹ́ mi, fi ẹnu fẹ́ ẹ fún mi."

Ó fẹ́ ẹ. Nígbà tí òjò oṣù Kẹwàá fi máa dá, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

"Mo fẹ́ ọ," ni Monílọ́lá wí, "ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé tí wọ́n ti ń pe màmá mi ní obìnrin kan. Kí bàbá ẹ dárúkọ wọn."

Nígbà tí Pamílẹ́rìn jẹ́ iṣẹ́ náà, Akíntọ́lá kọ̀ jálẹ̀. "Àádọ́ta ọdún ni mo fi sọ pé èmi ni mo gbé blúùsì wọ Orè. Ṣé kí n wá di òpùrọ́ lọ́jọ́ alẹ́ mi?" Bí ẹni pé kò tíì dì í!

Síbẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ lọ síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó dé fìlà, ó jókòó bí olówó. Pamílẹ́rìn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Bàbá Monílọ́lá ní kí wọ́n dìde, àwọn ọ̀rẹ́ dìde, Pamílẹ́rìn kò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó di ìgbà tí bàbá mi bá dárúkọ ẹni tó ni orin."

Akíntọ́lá dìde, ó ní òun ń lọ. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Monílọ́lá jáde láti yàrá bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì pè é, ó kúnlẹ̀ ti ọkùnrin náà lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Akíntọ́lá dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló dojú bolẹ̀ nílé onílé. Ó bọ́ fìlà.

"Màmá Adédoyin ló ni orin náà," ló wí, ó sì kọjú sí màmá tó jókòó láàrin àwọn ẹbí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní blúùsì, mo sì fi yín pamọ́."

"Sọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti gbọ́," ni màmá wí.

Ọ̀rẹ́ ọkọ kan gbé fóònù sókè, Akíntọ́lá sì tún un sọ, orúkọ àti ìlú, sínú kámẹ́rà. Ìgbà náà ni màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kan èjìká ọmọ náà.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi."

Monílọ́lá gbọn eruku kúrò láyà aṣọ Pamílẹ́rìn.

"Inú ṣì ń bí mi sí bàbá ẹ o."

"Èmi náà," ni Pamílẹ́rìn wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbà láti fẹ́ ọ."