Òdòdó Ẹlẹ́tí Funfun

"Ta ló kun etí ewé yìí?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí pẹ́ńtà yẹn bá mi sọ nìyẹn, ní ìsọ̀ tí mo ti ń ta òdòdó. Ọ̀dà ṣì wà nírùngbọ̀n ẹ̀. Igi kékeré kan tí kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn ló dì mú. Àárín ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, etí ẹ̀ funfun.

"Ọlọ́run ni," mo dá a lóhùn.

"Ó mọ ọ̀dà kùn jù mí lọ o! Màmá mi ni mo fẹ́ rà á fún."

A jọ gbìn ín sẹ́nu géètì wọn. Látìgbà náà, kò yé wá béèrè ohun tó ti mọ̀: ṣé àárọ̀ lòun á bomi rin ín ni, àbí ìrọ̀lẹ́?

Mo ní, "Ọ̀gá pẹ́ńtà, sọ tinú ẹ jàre."

Ó sọ ọ́. Èmi náà ti fẹ́ràn ẹ̀ kọjá sísọ.

Ìyá ẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ń ta ewé kiri? Kò ní wọlé mi!"

"Fọkàn balẹ̀, ìfẹ́ mi," ló máa ń wí. "Wọ́n á rọ̀."

Àkàbà yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń kun ilé alájà mẹ́ta. Kò délé ìwòsàn. Yéè! Ayé mi dàrú. Ìyá ẹ̀ ò jẹ́ kí n débi ìsìnkú. Mi ò ní fọ́tò ẹ̀ kan. Ẹ̀ka kan lára igi tá a jọ gbìn ni mo ń fẹ́, kí n lọ gbìn ín sílé mi.

Ọdún yípo kí n tó lè kan géètì náà. Ìyá ẹ̀ ló ṣí i. Wọ́n ti rù hangogo.

"Wọlé, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Wá wo òdòdó ọkọ ẹ."

Ọkọ mi! Omi lé ròrò sójú mi.

Igi náà ti ga, ṣùgbọ́n kò sí ewé ẹlẹ́tí funfun kankan lára ẹ̀.

"Àìsàn ló ń ṣe é," ìyá wí. "Gbogbo ẹ̀ka tó bá ti ń funfun ni mò ń gé dànù. Mi ò lè jẹ́ kí èyí náà kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Irú igi yẹn, ẹ̀ka tí kò ní funfun là ń gé. Téèyàn bá gé èyí tó funfun tán, ó parí, kì í hù mọ́. Ìyá ò mọ̀. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò.

Mo fọwọ́ kan ewé igi náà. "Ẹ kú ìtọ́jú, Mà. Ara ẹ̀ ti yá."

Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n bú sẹ́kún. "Máa wá o, ìyàwó mi. Ká jọ máa bomi rin ín."

"Màá máa wá, Mà."