Koríko Gíga Ẹ̀yìn Pápá

Ìdí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, n kò gbójú kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú koríko ẹ̀yìn pápá, ó ń wá bọ́ọ̀lù, ṣòkòtò eré fún un pinpin. Èmi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mò ń fi ẹnu jẹ ápù, mò ń fi ojú jẹ nǹkan mìíràn.

Ọdún 1907 ni, ní ìlú eèdú wa ní Pẹnsilifáníà. Bàbá mi, Cornelius Tuohy, ló ń tọ́jú pápá bọ́ọ̀lù àfigigbá ìlú, ilé tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fún un la sì ń gbé. Bàbá ní ọgbọ́n kan. Ó máa ń jẹ́ kí koríko ẹ̀yìn pápá ga dé orúnkún, á wá fi bọ́ọ̀lù kan pamọ́ síbẹ̀. Bí àlejò bá gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, ọmọ tiwa tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn á kàn he èyí tó wà nítòsí, á jù ú padà kíá kí àlejò náà tó sáré yí pápá ká gba ayò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìlú wo ni kò ní ọgbọ́n tirẹ̀?

Lọ́jọ́ yẹn, àlejò ló ń ṣọ́ ibẹ̀: Otto Lambrecht, ọmọ Jámánì láti Òháyò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ẹnu mi lọ. Ó nàró pẹ̀lú bọ́ọ̀lù méjì lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wò mí. Ápù há mi lọ́fun. Bó bá na èyí kejì sókè sí rẹfirí, iṣẹ́ bàbá mi parí nìyẹn, ilé náà á sì bá a lọ.

Ó rí ojú mi. Ó ti ọ̀kan sínú ẹ̀wù, ó ju èkejì. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Ọmọ tiwa tó gbá bọ́ọ̀lù náà ti sáré yí pápá ká, ayò kan ṣoṣo yẹn la sì fi nà wọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ bú u títí ẹnu fi bó.

Nírọ̀lẹ́ ó kan ilẹ̀kùn wa, àyà ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wú.

"Oyún tìẹ mà ga o," ni mo wí. "Àyà ló wà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa bọ́ọ̀lù náà yọ. "Tiyín ni. Ẹ gé koríko yín, kí ẹni tí kò ní wo ojú ẹ tó bá a níbẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti gbé ẹgbẹ́ wọn dé, ilé wa ló ń yà sí. Mo máa ń ṣe búrẹ́dì fún un. Ẹni tó bá ti jẹ búrẹ́dì mi mọ̀ pé a lè fi mọlé. Otto jẹ ẹ́ títí eyín rẹ̀ kan fi sán, ó tún ní kí n bù sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ìfẹ́ nìyí, bí kì í bá ṣe ebi.

Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní agbábọ́ọ̀lù a máa níyàwó ní gbogbo ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ wọn a máa kú kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún, ilé ọtí ló sì ń jogún ìyókù. Ọdún méjì gbáko ló fi ń pe Otto ní ìsáǹsá lójú rẹ̀ kòrókòró. Otto á ṣí fìlà, á kí i, á jókòó. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn fún bàbá, Otto ò gbà.

"Bó bá fi ẹ́ fún mi nítorí pé ẹ̀rù mi ń bà á, Delia, kò tíì fún mi. Mo já ẹ gbà ni."

Lọ́dún 1909, níbi tó ti ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ó fi orúnkún gbá ọgbà pákó. Orúnkún náà ò ká mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé onílà mẹ́ta lé e lọ. Ó gba yàrá kan ní ìlú wa, ó tẹ̀pá wá bá mi, ó ní òun dá mi sílẹ̀, kí n lọ fẹ́ ẹni tó lè sáré.

"Ẹni tó lè sáré kẹ̀? Kó lè máa sá fún mi ni? Pẹ̀lú ìdí mi yìí, ta ni mo lè lé bá? Jókòó jẹ́ẹ́ kí n rí ẹ fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní bí bàbá mi ò bá fọwọ́ sí i, òun ò ní mú mi lọ.

Èmi tí ẹnu mi ò nílẹ̀kùn, ọdún méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Mo ti gbìyànjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá bàbá mi lẹ́yìn pápá, mo tú gbogbo rẹ̀ síta: bọ́ọ̀lù méjì, ẹ̀wù tó wú, èébú ọ̀gá Otto.  Bàbá gbé àdá gígùn rẹ̀, ó gé koríko náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ló gba yàrá Otto lọ. Mo tẹ̀ lé e, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìwà mi ni.

Mo gbọ́ tí Otto ń sọ pé bó bá jẹ́ torí bọ́ọ̀lù yẹn ló ṣe wá, kí ó máa lọ, òun ò fi oore yẹn ra ìyàwó.

"Kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù," ni bàbá mi wí. "Ọdún méjì ni mo fi bú ẹ, ọ̀rọ̀ tó lè pa mí lẹ́nu mọ́ sì wà nínú ẹ, o ò sọ ọ́. Ọkùnrin tó lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ló lè bá ọmọ mi gbé. Ìwọ náà kúkú ti gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀."  "Iṣẹ́ pápá yẹn sì ti ń wúwo fún mi. Wá bá mi ṣe é."

Mo fẹ́ bínú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹkún ò jẹ́.

Otto kì í ṣe Kátólíìkì bíi tiwa, nítorí náà wọn ò jẹ́ ká dé iwájú pẹpẹ. Pálọ̀ Fadá ni wọ́n ti so wá pọ̀, ológbò Fadá sùn sórí fìlà bàbá mi. Fadá ní ká kúnlẹ̀. Otto gbìyànjú, orúnkún kọ̀, ojú tì í, òógùn bò ó. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ní kó fi í sílẹ̀, èmi á kúnlẹ̀ fún àwa méjèèjì, mo ṣáà tóbi tó.

Ó mi orí. "Dúró tì mí," ló wí.

Mo dúró tì í.