Ẹni Tó Ń Bá Fintan Jẹun

Àárọ̀ tí àbúrò mi Fintan jẹ sọ́séèjì dúdú ni ara ti kọ́kọ́ fu mí. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, láti kékeré ni kò sì ti fẹ́ rí i sójú. Màmá wa nà án títí nítorí rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, nílé Mísíìsì Heneghan ní etíkun Mayo, ó jẹ tirẹ̀ tán, ó nawọ́ mú tèmi nínú àwo mi, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Tìtorí oúnjẹ gan-an ni mo ṣe gbé e kúrò nílùú wa, Athlone. Láti ìgbà tí Ita ìyàwó rẹ̀ ti kú lẹ́yìn Kérésìmesì ni kò ti jẹun gidi mọ́, tíì àti sìgá ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní bó bá ń bá a lọ báyìí, kò ní rí Kérésìmesì mìíràn. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí màmá wa kú, n kò sì ní ẹlòmíràn láyé. Ni mo bá tì í sínú mọ́tò, mo ní ká máa lọ lẹ́bàá òkun níhà ìwọ̀-oòrùn, ká máa sùn nílé àwọn ìyá tó ń gba àlejò. Ẹ mọ àwọn ìyá yẹn. Wọn á din ẹyin, wọn á din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti olú àti tòmátì, wọn á gbé búrẹ́dì onísódà tó ṣì ń gbóná wá, wọn á wá dúró tì ọ́ títí wàá fi jẹ ẹ́ tán.

"Ọkùnrin yìí ń jẹun o!" ni Mísíìsì Heneghan wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Athlone, ṣé ẹ kì í fún ọkùnrin lóúnjẹ lọ́dọ̀ yín ni?"

"À ń fún wọn," ni mo dá a lóhùn. "Àwọn ni kì í jẹ ẹ́."

Àmọ́ nígbà tó fẹ́ kó àwo Fintan, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwo náà mọ́ féfé. Èérún búrẹ́dì kan kò sí lórí aṣọ tábìlì, bọ́tà ti tán, ìgò jáàmù ti ṣófo, wọ́n sì ti lá etí rẹ̀. Orí ìka ni ìyá náà fi gbé àwo yẹn wọlé.

Nínú mọ́tò, mo bi í pé, "Ṣó dùn?"

"Kí ló dùn?"

"Sọ́séèjì dúdú."

Ó yíjú sí òkun. "N ò mọ̀ bóyá ó dùn, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n máa ń sọ pé mo fura jù. Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti dàgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ilé tí a sùn lẹ́yìn ìyẹn wà ní Connemara, Goretti lorúkọ ìyá onílé, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Fintan jẹ oúnjẹ tó tó ọkùnrin mẹ́ta lórí tábìlì rẹ̀. Bó sì ṣe ń jẹ ẹ́ ló bà mí lẹ́rù. Ó fi apá ká àwo mọ́ra. Ó fi gbogbo ọwọ́ di ṣíbí mú, bí ọmọdé. Tó bá ti gbé òkèlè kan mì, á wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá lé òun jáde. Àbúrò mi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ṣíbí mú!

Síbẹ̀, ó ń rù. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, ó sì ti yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ Goretti láti lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì. Mo kọ́kọ́ fura sí àwọn ìyá onílé, pé oúnjẹ wọn kò ní agbára. Mo fura sí aràn inú. Lẹ́yìn náà mo rò pé ńṣe ló ń lọ bì í, mo sì lọ fetí mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Kò bì. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, jẹ́jẹ́, ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Rọra. Má sunkún mọ́. Àá tún jẹ òmíràn."

Mo yára sọ̀ kalẹ̀. Goretti fà mí lápá wọ ilé ìdáná.

"Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin méjì lẹ wá, àbí?"

"Àwa méjì ni."

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ yìí."

"Ológbò yín ni."

"A ò ní ológbò," ni Goretti wí, ó sì ń wo ẹ̀yìn mi bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí a ń lọ, kò bá wa dé ẹnu ọ̀nà.

Mo fẹ́ yí mọ́tò padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ Fintan ò lè jókòó pẹ́ mọ́, ẹ̀yìn ń dùn ún nítorí kò sí ẹran lára egungun rẹ̀. A yà sílé tí a kọ́kọ́ rí, ilé funfun kan lábẹ́ òkè, tí Nonie Tuohy ń gbé òun nìkan. Ìyá arúgbó ni, ó ti ń gba àlejò kí wọ́n tó bí mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ síwájú Fintan, ó wò ó jẹ díẹ̀, ó sì fi orí pè mí wọ ilé ìdáná.

"Níbo lẹ ti jókòó jẹun lójú ọ̀nà?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Mo ronú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. A dúró ní àfonífojì kan tí kò sí ilé níbẹ̀ mọ́, àfi ògiri òkúta tí kò ní òrùlé, láti ìgbà Ìyàn Ńlá tí pòtétò jẹrà nílẹ̀. A jókòó sórí koríko. Mo fi búrẹ́dì àti ẹran sí Fintan lọ́wọ́, mo ní bí kò bá jẹ ẹ́ a ò ní kúrò níbẹ̀. Kí n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pariwo sí òkè pé, "Ẹni tébi bá ń pa, kó wá bá mi jẹ ẹ́ o!"

Nonie rọra gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. "Àwọn tó kú síbẹ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn kiri títí wọ́n fi kú. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n wọlé. Àbúrò yín lẹni àkọ́kọ́ tó pè wọ́n wá jẹun. Ọ̀kan nínú wọn ti tẹ̀ lé e."

"Ìgbà wo ló máa lọ?"

"Tó bá yó. Àmọ́, ẹ̀yin náà ẹ wo bó ti pẹ́ tó tébi ti ń pa á. Àbúrò yín ló máa kọ́kọ́ tán."

Mo jáde sí yàrá oúnjẹ. Inú bí mi débi pé n kò mọ ẹni tí mò ń bá bínú. "Fintan, lé e lọ! Lé e lọ báyìí!"

"Ẹ má pariwo. Ẹ máa dẹ́rù bà á."

"Ta ni?"

"Ọmọbìnrin kékeré ni." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò rí irú ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Ita ti kú. "Orí itan mi ló ń jókòó sí. Ara rẹ̀ tutù, àmọ́ tí mo bá ti ń jẹun, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbóná díẹ̀díẹ̀."

"Ó máa pa ọ́!"

"Mo mọ̀." Ó wò mí, ojú rẹ̀ ti jìn. "Èmi àti Ita tọrọ ọmọ títí. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n lé ọmọ tébi ń pa ni? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ mi?"

Mo kórìíra ọmọ náà. Ká ní mo lè rí ọrùn rẹ̀ ni, ǹ bá fà á jù sí ìta. Àmọ́ bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn: itan ẹlòmíràn ló ti ń jẹun nítorí pé kò ní àwo tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé àga fún un. Mo padà lọ bá Nonie, mo ní kó fún mi ní àwo kan àti ife mílíìkì.

Ó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. "Ilẹ̀kùn ìta gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kẹ́ ẹ sì fi ẹnu yín pè é wọlé bí àlejò. Màmá mi ní ká má ṣe é láéláé."

"Kí ló dé?"

"Kò sọ."

Mo ní kó sọ tàbí kó má sọ, àbúrò mi ń kú lọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Oòrùn wọlé, afẹ́fẹ́ òkun wọlé, kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Mo gbé ẹyin àti búrẹ́dì síwájú àga tó ṣófo, mo fi bọ́tà púpọ̀ sí i.

"Wá jókòó," ni mo wí. "Tìrẹ nìyí. Ẹnikẹ́ni ò ní lé ọ. Gbogbo ẹni tébi bá ń pa lè jẹun níbí."

Tìmùtìmù àga náà tẹ̀ wọlé díẹ̀. Fintan mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mílíìkì inú ife bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ẹyin náà ń tán láti etí, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Fintan wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ó gé e jẹ. Ó ya èèpo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀." Mo bú sẹ́kún. Ayọ̀ pọ̀ lọ́kàn mi, n kò lè pa á mọ́ra.

Òtútù kan ló jẹ́ kí n gbójú sókè, ó ń fẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Nonie dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó yí padà, ojú rẹ̀ funfun, ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo àwo ilé rẹ̀ jáde, títí kan àwọn tó gbà nígbà ìgbéyàwó rẹ̀ tí kò tíì lò rí.

"Ẹ din ẹyin sí i," ló wí fún mi. "Ẹ din gbogbo rẹ̀."

Mo lọ wo ìta. N kò rí ẹnì kankan. Koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń tẹ̀ wọlẹ̀, láti orí òkè lọ́hùn-ún títí dé ẹnu géètì. Géètì náà ṣí, kò sì padà dé, bí ìgbà tí ẹni iwájú bá ń dì í mú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.