Orúkọ Tí Aránṣọ Kò Béèrè

Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ti rí i láti oṣù méjì sẹ́yìn pé ṣòkòtò ọmọ àwọn ti ń sá kúrò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé bá wọlé gan-an ni wọ́n máa ń rántí aránṣọ. Ọ̀sẹ̀ náà la wà yìí. Yúnífọ́ọ̀mù kún orí tábìlì, ó kún orí àga, ó kún ìdí máṣíìnì, aránṣọ tí ìtàn yìí dá lé lórí sì jókòó sáàárín wọn bí ẹni tí aṣọ fẹ́ gbé mì.

Obìnrin náà kò ní ju ọmọ kan lọ, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ọkọ̀ ọmọléèwé ló ń gbé ọmọ náà lọ láàárọ̀, òun náà ló sì ń já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé bàbá tó ti ń wa ọkọ̀ náà láti ọdún mẹ́fà fẹ́ fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹlòmíràn ni yóò máa wà á, ẹni náà sì ti ń bá bàbá káàkiri lọ́sẹ̀ yìí kó lè mọ ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin tuntun yìí, àfi pé ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ń kí èèyàn tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ń dágbére tẹ̀rín-tẹ̀rín. Táyà jò lójú títì, ẹ̀rín ló fi wò ó. Àwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín, ó tán.

Ìyá Ìbejì, tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù, ló kọ́kọ́ dá ẹ̀rù sílẹ̀. Ó gbé síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ó sì béèrè pé kí ni ọkùnrin náà rí tó fi ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìjọba ti ṣe ìwé orúkọ kan sórí ayélujára, ìwé orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, títí kan àwọn tó ṣe é sí ọmọdé, pé ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Ó ní èèyàn kàn máa tẹ orúkọ ni, gbogbo rẹ̀ á jáde. Bó ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé òun fúnra rẹ̀ ti wò ó rí. Kò wò ó rí.

Aránṣọ gbé fọ́ọ̀nù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tó ṣí ní kó wá kọ nọ́ńbà káàdì báǹkì rẹ̀ síbẹ̀. Ó sá jáde. Ìkejì jẹ́ ti ìjọba ìlú òmíràn. Ìkẹta ló jẹ́ ti ìjọba tiwọn. Ó tẹ "Ẹlẹ́rìn-ín" sí i. Ìwé náà ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà fọ́ọ̀nù ọkùnrin náà, èyí tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ìwé kò gbà á. Ó wá tẹ "Ẹlẹ́rìn-ín awakọ̀ ọmọléèwé". Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àdúgbò wọn, orúkọ iṣẹ́ tàbí ìnagijẹ ni wọ́n fi ń pe èèyàn títí wọn yóò fi gbàgbé pé ó ní òmíràn. Òun náà, ta ló ń pe orúkọ rẹ̀? Aránṣọ ni.

Ọ̀rọ̀ náà wá rú u lójú. Ṣé tí ìwé bá ní òun kò rí nǹkan, èèyàn rere ni ẹni náà ni, àbí òun ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá a?

Ọkùnrin tó ń bá a lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bọ̀dá Áyọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn ń pe ọkùnrin onírùngbọ̀n náà. Ọdún méjì ló ti wà níbẹ̀, kì í pariwo, kì í pẹ́ dé, aṣọ kan kò sì jóná lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má da ara yín láàmú, mà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Èmi á máa lọ mú un wá láti ilé-ìwé. Ṣé kì í ṣe ọmọ tèmi náà ni?"

Inú aránṣọ yọ́. Ó ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó ṣìnà. Síbẹ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọkọ̀ dé, ó lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín nídìí fèrèsé, ó ní kó fi láísẹ́ǹsì rẹ̀ han òun. Ojú ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fà á yọ, ó sì ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, ọmọ òun náà ń bẹ nílé. Aránṣọ da orúkọ náà kọ sínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ orúkọ àti orúkọ bàbá sí i. Ó jáde. Orúkọ méjèèjì, bí wọ́n ṣe wà lára láísẹ́ǹsì gẹ́lẹ́, àti lábẹ́ rẹ̀: ìwà ìbàjẹ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá. Ibi tó yẹ kí fọ́tò wà ń yí biribiri, kò ṣí.

Aránṣọ sọ fún Bọ̀dá Áyọ́ọ̀nù pé ó ti di dandan, láti ọjọ́ Mọ́ńdè òun ni kó máa lọ mú ọmọ. Ọkùnrin náà ní kò sí wàhálà. Ìyá Ìbejì gbọ́, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé náà jáde, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ilé-ìwé, kí òun sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo òbí. Ilé ìkàwé tó wà lọ́nà kejì ni wọ́n ti lè tẹ ìwé jáde. Ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, aránṣọ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Bọ̀dá Áyọ́ọ̀nù, ó gba ibẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ti awò ojú sórí ló jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé. Aránṣọ ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń já mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ tán, kò tẹ nǹkan kan jáde.

"Mà, ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀?"

"Fọ́tò ò ṣí."

"Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ibi tó ń gbé ńkọ́?"

Aránṣọ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣí ojú ìwé kan náà lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ó fà á wálẹ̀. Bàbá arúgbó ló yọ sí wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ń gbé ní ìlú tó jìn tó ìrìn wákàtí mẹ́ta. Ẹlẹ́rìn-ín kò tíì pé ogójì ọdún.

"Orúkọ méjì lè dọ́gba pátápátá, mà, kí èèyàn méjì má mọ ara wọn rí," ni òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé wí. "Orúkọ nìkan kò tó. Ẹ fi fọ́tò, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì àti àpá ara wé ara wọn kí ẹ tó ní òun ni. Ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí, ẹ pè é báyìí, mà."

Aránṣọ pe Ìyá Ìbejì. Ọpẹ́lọpẹ́ àṣìtẹ̀ tó ń tún ṣe, kò tíì fi ránṣẹ́. Ìtìjú bo aránṣọ, ó rántí ọkùnrin tó fún un ní láísẹ́ǹsì tẹ̀rín-tẹ̀rín láàárọ̀.

"Ó dáa náà, ṣé èèyàn rere ni nígbà yẹn?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ìwé ní ilé ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi níbí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tọ́wọ́ ò tíì tẹ̀ kò lè sí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ṣáà ń fi orúkọ wá èèyàn, mà. Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò wá a."

Orí aránṣọ tún dàrú. Kò mọ̀ pé èèyàn lè wá ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà bi í ní orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ó sì ní kí ìwé náà fi gbogbo ẹni tó wà láàárín kìlómítà kan hàn wọ́n. Máàpù ṣí. Àmì pupa mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé tó kángun sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ó tẹ àmì náà. Fọ́tò ọkùnrin kan tó tinrín, tó fá irùngbọ̀n mọ́lẹ̀, yọ jáde, pẹ̀lú orúkọ tí aránṣọ kò gbọ́ rí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ka ìyókù. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Àpá iná wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lápá òsì. Aránṣọ tún wo fọ́tò náà. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí irùngbọ̀n ì bá wà. Ojú Bọ̀dá Áyọ́ọ̀nù ló ń wò ó. Ọkùnrin náà ti sọ fún un nígbà kan pé áyọ́ọ̀nù ló jó òun lágbọ̀n, òun sì ti kí i pẹ̀lẹ́.

Aago ara ògiri ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú méje ló kù kí ọkọ̀ já ọmọ náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, Bọ̀dá Áyọ́ọ̀nù nìkan ló sì wà níbẹ̀. Aránṣọ dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Kò mọ̀ bóyá kó sáré ni tàbí kó pariwo. Ìbẹ̀rù mú un débi pé ó ń wá fọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yín kò lè bá ọkọ̀ yẹn, mà," ni òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé wí. "Ẹ pe awakọ̀."

Ó pe Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ní, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, má fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi èmi. Kò dúró ṣàlàyé.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ó wà níwájú mi níbí, mà. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún mi. Ọ̀dọ̀ yín là ń gbé e bọ̀."

Kí ọkọ̀ tó dé, aránṣọ ti fẹ́ lọ wọ́ Bọ̀dá Áyọ́ọ̀nù jáde sí títì kí gbogbo ayé wá wò ó. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà gan-an ló kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í kọlu èèyàn, ó tún ní tí aránṣọ bá pariwo, ọkùnrin náà lè sá lọ bá ọmọ ẹlòmíràn níbòmíràn. Wọ́n pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá tó gbé e fi fọ́tò, àdírẹ́sì àti àpá náà wé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ó ní òun ni. Ó ní ilé ẹjọ́ ti kà á léèwọ̀ fún un láti ṣiṣẹ́ níbi tí ọmọdé ti ń wọlé jáde, pé kò sì jẹ́wọ́ fún àwọn pé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni òun wà. Àwọn fúnra wọn ló lọ mú un nídìí tábìlì tó ti ń lọ yúnífọ́ọ̀mù.

Ẹlẹ́rìn-ín ti fa ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ilé ìkàwé. Nígbà tí àwọn méjèèjì délé, aránṣọ jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá Bọ̀dá Áyọ́ọ̀nù ti sọ ohunkóhun fún un tí kò fẹ́ kí ìyá gbọ́. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

"Lánàá, ó ní tó bá di Mọ́ńdè, àwa méjèèjì á máa yà sílé òun kí n fi fọ́ọ̀nù òun ṣeré. Ó ní kí n má sọ fún yín, ẹ máa gba fọ́ọ̀nù náà."

Ó ní kò tíì ṣe ohun mìíràn sí òun. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra, ó ní ọmọ náà kò jẹ̀bi, ó sì sunkún. Lọ́jọ́ kejì ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n lẹ orúkọ òun mọ́ géètì.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí. Tí ìjọba yín bá ní irú ìwé orúkọ yìí, ti ìjọba àdúgbò yín gan-an ni kí ẹ ṣí, ọ̀fẹ́ ni. Ojú ìwé tó bá ń béèrè káàdì báǹkì, ẹ jáde níbẹ̀. Tí kò bá sí lórí ayélujára, ẹ béèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìnagijẹ kò sí nínú ìwé, nítorí náà ẹ fi orúkọ tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ wá a, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àdírẹ́sì ilé yín, ilé-ìwé àti ibi iṣẹ́ yín wá a. Tí orúkọ bá jáde, ẹ má tíì pariwo: ẹ wo fọ́tò, ọjọ́ orí, ibùgbé àti àpá ara, kí ẹ sì pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ tí kò bá dá yín lójú. Ẹ má lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, ẹ má lu ẹnikẹ́ni, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè. Tí orúkọ kò bá sì jáde, ẹ má torí ìyẹn sùn. Ẹ máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, kó mọ̀ pé kò sí àṣírí kan láàárín òun àti àgbàlagbà tí kò lè dé etí yín.

Aránṣọ béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ àlejò tó wà lójú títì. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ fún ọdún méjì, tó fẹ́ fi ọmọ lé lọ́wọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, kò béèrè orúkọ rẹ̀ rí. Ẹni tí ẹ̀yin náà ń fi ọmọ sílẹ̀ fún, kí ni orúkọ rẹ̀?